Ta ló ń yan bírò fún yín? Ìtàn àpótí ìkọ̀wé inú browser

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Àpótí funfun tẹ́ ẹ máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí nínú browser yẹn, ó nítàn o. Ìbéèrè kan ló wà nídìí ẹ̀: ta ló yẹ kó yan ohun tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé, ṣé ẹ̀yin ni àbí ẹni tó ni ojú-ìwé?

2/ Ẹ jẹ́ ká padà sí 1969. Ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson ṣe text editor kan tó ń jẹ́ ed fún Unix. Ní 1976, Bill Joy ṣe vi ní yunifásítì Berkeley, Emacs náà dé ní MIT lọ́dún yẹn kan náà. Kálukú wá mú tiẹ̀, wọ́n ń bára wọn jà bí àwa àtàwọn ará Gánà ṣe ń jà lórí jọ̀lọ́ọ̀fù.

3/ Kí ìjà lè parí, Unix ní àṣà kan. Ẹ máa kọ orúkọ text editor tẹ́ ẹ fẹ́ sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní EDITOR. Bí áàpù mìíràn bá fẹ́ kẹ́ ẹ kọ nǹkan, èyí tẹ́ ẹ yàn ló máa ṣí. Git, táwọn tó ń kọ kóòdù ń lò, ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní. Àlejò tó mọ̀wà hù ni: ó ń bi onílé kó tó jókòó.

4/ Wẹ́ẹ̀bù wá dé. HTML 2.0 jáde ní 1995, textarea wà nínú ẹ̀: àpótí téèyàn lè kọ ìlà púpọ̀ sí. Lynx, browser tí kì í fi àwòrán hàn, gbà kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ inú àpótí lọ sínú text editor yín. Àmọ́ àwọn browser alárànbarà tí gbogbo ayé wá ń lò ò bi ẹnikẹ́ni. Àpótí rèé, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

5/ Kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ti kọ̀wé jìnnà, iná lọ, tàbí kí ojú-ìwé tún ara ẹ̀ ṣí. Ó parí! Ohun tó wà nínú àpótí yẹn kì í ṣe fáìlì yín. Ṣe ló dà bí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ẹlòmíì.

6/ Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ṣe extension kan fún Firefox, wọ́n pè é ní It's All Text! Ó máa da ọ̀rọ̀ inú àpótí sínú fáìlì kékeré lórí kọ̀ǹpútà yín, á fi text editor yín ṣí i, á wá máa ṣọ́ ọ. Gbàrà tẹ́ ẹ bá tẹ save, ọ̀rọ̀ ti padà sínú àpótí.

7/ Ọjọ́ 14 oṣù November 2017, Firefox 57 jáde. Gbogbo extension tí wọ́n ṣe ní ìlànà àtijọ́ ò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ mọ́, It's All Text! wà lára wọn. Ó dun àwọn èèyàn gan-an, àmọ́ Mozilla ní ìdí. Extension àtijọ́ lágbára bíi browser fúnra ẹ̀: ó lè ka fáìlì, ó lè ṣí áàpù. Ilẹ̀kùn tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé, olè náà lè gbà á.

8/ Ní báyìí, ọ̀nà ti dín. Tí extension bá fẹ́ ṣí text editor yín, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi áàpù kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà fúnra yín, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Bí Firenvim ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ti GhostText yàtọ̀: text editor gan-an ló ń tẹ́tí sí browser. Ó ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ ló ń rí i lò.

9/ Kí ló wá kan àwa? Yorùbá ni! Unicode ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́": ẹ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Àpótí míì máa ń da àmì wa rú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ ọ́ síbòmíì ná, ká tó copy, ká tó paste. Iṣẹ́ It's All Text! náà la ń fọwọ́ ṣe yẹn.

10/ Torí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀ ń ṣe àṣejù, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá ti ju gbólóhùn méjì lọ, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì tiyín kẹ́ ẹ tó gbé e wá síbí. Níbo lẹ̀yin máa ń kọ tiyín sí? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ 👇🏾