Àrùn Ìfun Wíwú àti Ìgbésí Ayé Aláìsàn: Ohun Tí Ìwé Ìbéèrè Kò Kà ní Ìfọ̀nyìn

Àrùn ìfun wíwú ni a lè pe àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ méjì tí wọ́n jọra, nínú èyí tí agbára tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò ń ṣe ìfun fúnra rẹ̀ léṣe. Èkíní ni ulcerative colitis, tí Samuel Wilks kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859, tí egbò rẹ̀ kì í sábà kọjá awọ inú ìfun ńlá. Èkejì ni àrùn Crohn, tí Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer ṣàpèjúwe ní New York ní 1932, tí ó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, tí ó sì máa ń jẹ ìfun wọnú. Kò sí oògùn tí ń lé wọn lọ pátápátá. Wọ́n a máa rọlẹ̀ fún ìgbà kan, wọn a sì tún ru sókè. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìnira aláìsàn kò sí nínú ìfun nìkan, nítorí pé ibi tí ó ń gbé, iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti orúkọ tí àwọn ará ilé rẹ̀ fún àìsàn náà ni wọ́n ń pinnu bí ẹrù náà yóò ṣe wúwo tó.

Ní 1989, Gordon Guyatt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí a fi ń díwọ̀n ìgbésí ayé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè 32 ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó kan ìfun, ara lápapọ̀, ọkàn àti àjọṣe pẹ̀lú ènìyàn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba máàkì kan sí méje, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi wà láàárín 32 sí 224, èyí tí ó bá sì pọ̀ ni ó dára. Ìwé náà ṣe dáadáa ní ti pé ó ka ìbẹ̀rù àti ìtìjú mọ́ àìsàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó béèrè bóyá ẹ̀rù àìrí ilé ìgbẹ́ ń ba aláìsàn, ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé ilé ìgbẹ́ wà níbì kan nítòsí.

Ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí Faransé ń kọ ní Ifangni ní ẹkùn Plateau ní Bẹ̀nẹ̀, ìgbàgbọ́ yẹn kò fi gbogbo ara dúró. Epo pupa àti òwò ẹnubodè Ìgolo, tí ó dojú kọ Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà, wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun níbẹ̀, ọ̀pọ̀ agboolé abúlé ni kò sì ní ilé ìgbẹ́ tiwọn. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ènìyàn lójijì, tí ó sì ń jí i lóru, obìnrin tí ó gbé ẹyìn kaná kò lè fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ni èrò inú ọkọ̀ tí ń lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kò lè máa dá awakọ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ tí ń bá ìgbẹ́ jáde tún ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń mú àárẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń fi agbára ara jẹun kò ní iṣẹ́ ìjókòó tí ó lè sá sí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Yorùbá ní ìgbẹ́ ọ̀rìn fún ìgbẹ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àti ikun nínú, ó sì ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí a máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ohun dídùn. Àwọn orúkọ méjèèjì gba ọ̀pọ̀ àmì àrùn ìfun wíwú mọ́ra, nítorí náà aláìsàn kò rí ìdí láti ro nǹkan mìíràn. Àgbo jẹ̀dí tí a fi ọtí sódàbí pò sì lè mú inú tí ó ti bó tẹ́lẹ̀ máa ṣí sí i. Àwọn dókítà pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ àṣìmú, nítorí pé amoeba àti ikọ́ ife tí ó wọ ìfun lè jọ àrùn yìí, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ìfun ńlá, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹran ara tí a bá gé níbẹ̀, ni a nílò láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 2011, àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Annals of African Medicine fi ṣe àkòrí pé ṣé àrùn yìí ṣì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Nàìjíríà ni. Ìbéèrè náà bọ́ sójú ọ̀nà, nítorí pé àrùn tí a kò dá mọ̀ kò lè ṣaláì ṣọ̀wọ́n.

Ìtìjú ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àgbàlagbà tí nọ́ọ̀sì tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí ń bi léèrè ọ̀rọ̀ lè sọ pé inú ń run òun, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Mùsùlùmí tí àlùwàlá rẹ̀ ń bàjẹ́ léraléra lè yẹra fún mọ́ṣáláṣí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ẹ̀sìn fi àyè gba aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sì kọ oúnjẹ alárìíyá nítorí ata lè dà bí agbéraga lójú olóńjẹ.

Àwọn kan lè sọ pé kí a kọ́kọ́ wo ìfun sàn, ìyókù yóò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ a máa bá ọ̀pọ̀ aláìsàn gbé nígbà tí ìfun ti rọlẹ̀, ìlànà àgbáyé STRIDE-II ti 2021 sì ti fi ìgbésí ayé tí ó padà bọ̀ sípò kún ohun tí ìtọ́jú gbọ́dọ̀ lépa. Nítorí náà, kí a tó túmọ̀ ìbéèrè 32 yẹn sí èdè Ìfọ̀nyìn, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bí ilé ìgbẹ́ ṣe jìnnà sí ẹnu iṣẹ́ tó, àti orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà nílé.