Nígbà Tí Àrùn Àyà Bá Gbé Ṣúgà Ẹ̀jẹ̀ Sókè

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá: bàbá ní àtọ̀gbẹ, ikọ́ àti ibà dá a dùbúlẹ̀, kò jẹun láti àná, kí ló wá gbé ṣúgà rẹ̀ sókè?

Ìtàn kan á là á yé wa. Ní ìlú Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1921, Banting àti Best rí ínsúlínì fà yọ láti inú ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú ẹran ara. Kó tó dìgbà náà, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ láyé. Ní oṣù kìíní 1922, wọ́n gún ọmọkùnrin kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nígbà tí Collip sẹ́ ẹ mọ́ sí i, ara ọmọ yá. Ó tún lo ọdún 13 láyé. Lọ́dún 1935, òtútù àyà ló gbẹ̀mí rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 27.

Ṣé ẹ rí i? Bí fáírọ́ọ̀sì tàbí kòkòrò mìíràn bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ara á múra ogun. Á tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá kọ́tísọ́ọ̀lù. Họ́mọ̀nù yìí á ní kí ẹ̀dọ̀ kó ṣúgà síta, kò sì ní jẹ́ kí ínsúlínì ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi ń ga láìjẹun.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ó le mọ́ àwọn alátọ̀gbẹ gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé dexamethasone ń gba ẹ̀mí là lára àwọn tó ń lo ọ́síjìn. Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn kò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Ọmọ ìyá kọ́tísọ́ọ̀lù ni oògùn yìí, òun náà ń gbé ṣúgà sókè. Nítorí náà, ẹ má rà á lọ́jà lò fúnra yín o.

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, bí ikọ́ àti ibà bá dé, ẹ má dá ínsúlínì dúró nítorí pé ẹ ò jẹun. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ yẹ ṣúgà yín wò léraléra, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bí ẹ ó ṣe lo oògùn yín. Bí òùngbẹ bá pọ̀, tí èébì kò dúró, tí mímí sì ń yára, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà.