Ọkọ̀ Akẹ́rù Kékeré Lọ́wọ́ Àgbà

Ẹni tí ó bá rí àgbàlagbà tí ó ń rọra fi aṣọ nu lọ́rì tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lè rò pé baba náà tún ti di ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà pàtàkì kan nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pa ìtàn ọkọ̀ ilẹ̀ wọn mọ́.

Ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1933, ilé-iṣẹ́ Meccano, tí Frank Hornby dá sílẹ̀ ní Liverpool, gbé ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fà jáde láti bá ọkọ̀ ojú irin ìṣeré rẹ̀ lọ. Lọ́rì kan wà nínú wọn. Ní ọdún 1934 ni a sọ wọ́n ní Dinky Toys. Nígbà tí ó yá, síǹkì yíyọ́ ni a wá ń fi rọ wọ́n. Bí òjé díẹ̀ bá ṣèèṣì dà pọ̀ mọ́ síǹkì náà, ọkọ̀ yóò máa sán fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe inú àpótí ni a tọ́jú rẹ̀ sí, títí yóò fi rún wómúwómú. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èyí tí a rọ ṣáájú ogun 1939 ṣe parun.

Páálí ìṣáná ni ó bí irú èkejì. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin Jack Odell kò gba ohun ìṣeré tí kò bá lè wọ inú páálí ìṣáná. Ní ọdún 1952, baba rẹ̀ fi idẹ rọ rólà kékeré kan fún un, irú èyí tí a fi ń tẹ ọ̀nà. Ní ọdún 1953, Lesney, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti Leslie Smith ní London, bẹ̀rẹ̀ sí ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ Matchbox: rólà, típà, ẹ̀rọ tí ń po sìmẹ́ńtì. Ní ọdún 1956 ni wọ́n mú ọkọ̀ àtijọ́ jáde, lára wọn ni lọ́rì Sentinel tí ooru omi híhó ń wà. Nígbà tí ó sì yá, lọ́rì AEC ti ọdún 1916 tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà tí ó ti rí irú wọn lójú pópó rí kò lè ṣe aláìrà wọ́n.

Ilé-iṣẹ́ AEC kógbá sílé ní ọdún 1979. Ọdún náà gan-an ni ti Meccano ní Liverpool tì. Ní ọdún 1982, gbèsè wó Lesney lulẹ̀. Lọ́rì ńlá di àwátì, ẹni tí ó rọ kékeré náà kò sí mọ́, kékeré ni ó kù.

Síbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́, ohun kan ń kọ mí lóminú. Èyí tí ó wà nínú páálí rẹ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ kò họ, ni owó rẹ̀ ga jù, èyíinì ni pé ọmọ kankan kò fi ṣeré rí. Àwọn ọmọ tiwa a máa fi agolo mílíìkì ṣe lọ́rì, wọn a sì wọ́ ọ títí yóò fi fọ́. Lójú tèmi, Dinky tí ó ti họ, tí táyà rẹ̀ ti sọnù, ni ó sọ òtítọ́ jù nípa ìgbà èwe. Àwọn kan sì wà tí ń bó ọ̀dà irú rẹ̀ dànù, tí wọ́n ń kùn ún ní tuntun.