Ọrún àti Ìtàdógún: Ìṣirò Ọjọ́ Láàárín Àwọn Yorùbá

Ọrún ni òǹkà ọjọ́ tí ọjà àti ìsìn ìbílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀, tí í ṣe ti Ọbàtálá, Ọjọ́ Awo, ti Ọ̀rúnmìlà, Ọjọ́ Ògún, àti Ọjọ́ Jàkúta, ti Ṣàngó.

Ohun tó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú ni pé márùn-ún ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni a kà. Ìdí rẹ̀ ni pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí a ná ọjà ni ọjọ́ kìíní. Ọjà mìíràn yóò pé ní ọjọ́ karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí mẹ́sàn-án, ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, tí ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí mẹ́tàdínlógún, sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìyẹn ọrún mẹ́rin.

Ẹ̀sìn Ìsìlámù àti ti Kristẹni ló fi ẹsẹ̀ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje múlẹ̀. Láti inú èdè Lárúbáwá ni Àlàmísì àti Jímọ̀ ti wá. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀sẹ̀" pàápàá wá di orúkọ fún ọjọ́ méje. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjà kò fi ọrún sílẹ̀.

Òǹkà méjèèjì ṣeé lò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Abobo-Gare ní Abidjan, àdúgbò tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ẹ̀jìgbò, ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìgbà pípẹ́, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹnì kan níbẹ̀ bá mọ̀ pé ọjà ọrún ìlú òun bọ́ sí ọjọ́ Ajé, yóò mọ̀ pé òmíràn yóò bọ́ sí Ẹtì, èyí tó tẹ̀lé e sí Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ọjà yóò padà sí Ajé. Àwọn Akan ilẹ̀ Gánà náà a máa so ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà pọ̀ mọ́ ti ọlọ́jọ́ méje. Ọjọ́ 42 ni àpapọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní adaduanan.

Nítorí náà, nígbà tí àgbà bá sọ nínú ìtàn pé ogun tàbí ọdún kan gba ìtàdógún, kí òǹkọ̀wé yọ ọjọ́ kan kúrò kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, ìṣirò rẹ̀ yóò máa fi ọjọ́ kan yẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tún un kà.