Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀ Gbàǹgbà

Ní London, nígbà tí ìwé ìpolówó bo ara ògiri, ni lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ gbàǹgbà ti bẹ̀rẹ̀. Vincent Figgins, tó ń rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé, fi tirẹ̀ hàn ní nǹkan bí ọdún 1815: ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi bíríkì. Wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní lẹ́tà Íjíbítì, bẹ́ẹ̀ Íjíbítì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀; ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ló kàn gbòde lẹ́yìn ogun tí Napoleon jà níbẹ̀. Irú lẹ́tà náà mìíràn, Clarendon ti Robert Besley, dé ní 1845. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, dúdú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ojú tètè bá ọ̀rọ̀ tí à ń wá. Ọdún 3 péré ni òfin fi dáàbò bò ó. Lẹ́yìn náà, kálukú dà á kọ. Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ gbàǹgbà tó dúdú tó sì tún dagun sọ́tùn-ún, irú èyí tó wà nínú ẹbí lẹ́tà Rockwell, dára fún àkọlé tó fẹ́ dà bí ẹni ń sáré. Ṣùgbọ́n bí a bá fi tẹ odindi ojú ìwé, ojú á rẹ òǹkàwé.