Ìfẹ́ Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ àti Ìwé Ìròyìn Ọkọ̀ ní Adó-Èkìtì

Láti ìgbà tí àwọn aráàlú ti ń ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Adó-Èkìtì, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti 1996, àti ní àwọn ìlú Èkìtì mìíràn bíi Ìkéré, Ìyìn, Ìgèdè àti Ìfàkì, irú ọkọ̀ tó ń wu àwọn ènìyàn ti yí padà léraléra. Ìwé ìròyìn ọkọ̀ lọ́wọ́ nínú ìyípadà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó ti mẹkáníìkì, kò sì tó ti ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Òkè pọ̀ ní Èkìtì. Ọkọ̀ tí yóò máa gba ọ̀nà Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Iléṣà gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tí kì í tètè gbóná àti búréèkì tó ṣeé gbára lé. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ̀yà rẹ̀ wà ní Adó, àbí ó di ọjà Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládipọ̀ ní Èkó kí ó tó rí i. Ìbéèrè yẹn kì í sí nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní London.

Àkókò ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Títí di ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbòde: Morris Minor, Austin, Hillman, Vauxhall. Bedford àti Austin tí káfíńtà kan pákó sí lára, tí à ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, ló ń kó kòkó àti èrò. Ìwé ìròyìn tó bá ọkọ̀ wọ̀nyí rìn náà ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni Autocar, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn ìfẹ́ ọkọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ṣe ń kà á sí lọ. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tí awakọ̀ ń jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, irú èyí tí àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń dán wò, kò ti bá títì wa mu mọ́. Òun náà ló fà á tí tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ àlòkù òkè òkun, fi ń ti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà wá nígbà tó yá, nígbà tí Kẹ́ńyà, tó ṣì ń wa ọkọ̀ lápá òsì, ń ra tirẹ̀ tààrà láti Jàpáànù.

Peugeot 504 àti ìjàpá

Oṣù kẹta 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ṣí, oṣù yẹn kan náà sì ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle ní Èkó. Ọdún yẹn ni àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, ó sì sọ ọ̀pọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé di ọlọ́kọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì Beetle, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìjàpá. Kò ní rédíétọ̀ rárá, nítorí náà kò sí pé à ń dúró lágbede òkè ká máa wá omi kiri.

Ṣùgbọ́n 504 ni ọba. Ilé iṣẹ́ Peugeot gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù sì yàn án ní Ọkọ̀ Ọdún 1969. Ní ọdún tó ṣáájú, NSU Ro 80 ni wọ́n yàn, ọkọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó ìtìjú bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1975 àti ní 1978, lórí ẹrẹ̀ àti eruku tí àwọn awakọ̀ wa mọ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ 504 tí kì í ṣe wagon, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó sì ń dá sọ̀ kalẹ̀, tí kò fi jẹ́ kí kòtò apá kan gbọn apá kejì. Wagon ní tirẹ̀ gùn jù ú lọ, ọ̀pá kan ló so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì pọ̀, sípírín-ìn mẹ́rin ló sì gbé e ró, kí ó lè ru ìlà ìjókòó mẹ́ta àti ẹrù orí. Wagon yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì wọ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó fún nǹkan bí ogún ọdún. Ìjọba ológun ìgbà náà tún sọ 504 di ọkọ̀ iṣẹ́ àwọn aláṣẹ láti dẹ́kun fàájì, èyí sì bu iyì kún un lójú aráàlú.

Àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ kò fẹnu kò lórí ìgbà tí 504 tó kẹ́yìn jáde ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ kọ 2006, àwọn mìíràn kọ 2005. Àríyànjiyàn tún wà lórí ohun tó mú ìfẹ́ rẹ̀ rọ. Àwọn kan di ẹ̀bi ru ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, tó gba agbára lọ́wọ́ náírà, tó sì mú kí owó ẹ̀yà tí wọ́n ń kó wọ Kàdúná ga. Àwọn mìíràn ní ìjọba tó jẹ́ oníbàárà pàtàkì fún ilé iṣẹ́ náà ló yíjú sí ọkọ̀ mìíràn. Ó dà bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ ló wúwo jù, nítorí kí ìjọba tó yíjú ni òṣìṣẹ́ kò ti lè ra ọkọ̀ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n èkejì kì í ṣe ohun tí a lè dà nù.

Tòkunbọ̀

Láti ìgbà ètò àtúntò náà ni Kùtọnù, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti di ọjà tòkunbọ̀. Láti Yúróòpù ni Mercedes 190 tí wọ́n ń pè ní Baby Benz, Mercedes V-boot, Mazda 626 àti Nissan ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó Camry àti Accord wá, tí Toyota sì gba ìjọba lọ́wọ́ Peugeot. Orúkọ ìnagijẹ ni àwọn oníṣòwò fi ń ya ọdún ọkọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀: Orobo, Pencil Light, Big Daddy àti Muscle fún Camry, Hala, Bulldog, Baby Boy àti End of Discussion fún Accord. Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀yà ní Adó lónìí, ìnagijẹ ni yóò pè, kì í ṣe ọdún.

Camry kò gba Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù rí. Kò sì dí ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ ní Adó, níbi tó jẹ́ pé mẹkáníìkì ni adájọ́. Ní 2013 ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ọkọ̀ tuntun jáde, tó sọ owó tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun tó ń wọlé di ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kìn-ín-ní 2017, wọ́n fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀. Owó tòkunbọ̀ ga, ìfẹ́ rẹ̀ kò kú.

Ohun tí wọ́n ń kà

Bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ṣe pọ̀ tó ni àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò: Road & Track tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Motor Trend ti 1949, àti Car and Driver. Èyí tó máa ń dé Èkìtì, nínú àpótí ẹni tó ti òkè òkun bọ̀ tàbí lórí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ló ti ń wá, ó sì ti lè pé ọdún mélòó kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ dun ẹnikẹ́ni, torí ọkọ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di tòkunbọ̀ ni. Nílé, The Punch, Vanguard àti The Guardian ní ojúewé ọkọ̀ tiwọn, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ sì ń fún ilé iṣẹ́ ní àmì ẹ̀yẹ. Ìfilọ́lẹ̀ ọkọ̀ tuntun àti ọ̀rọ̀ owó ibodè ló gba àyè jù níbẹ̀. Ìdánwò tó jinlẹ̀ lórí ọ̀nà tiwa ṣọ̀wọ́n. Àléébù ńlá ni.

Ohun tí òǹkàwé ń wá yí padà nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yí padà. Ẹni tó ní 504 fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún kábúrétọ̀ ṣe, mẹkáníìkì sì lè fi etí gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láti 1996, òfin Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú ihò kan náà tí ẹ̀rọ lè gbà ka àṣìṣe inú rẹ̀. Ìgbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di tòkunbọ̀ ni kóòdù bíi P0300, tó ń sọ pé sílíńdà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò jóná dáadáa, di èdè tí mẹkáníìkì Adó ní láti gbọ́. Eré sísá àti agbára ẹ́ńjìnnì, tí àwọn ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti máa gbé gẹ̀gẹ̀, di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ní oṣù Kejìlá 2019, ilé iṣẹ́ tó ni Motor Trend dá títẹ ìwé ìròyìn ọkọ̀ 19 dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òǹkàwé ti lọ sórí fóònù ṣáájú ìgbà náà, níbi tí fídíò ọkọ̀ kan náà, àìsàn kan náà, ti ń dúró dè wọ́n.

Ipò tó wà báyìí

Lẹ́yìn tí ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Corolla àti ọkọ̀ mìíràn tí ẹ́ńjìnnì wọn kéré tún níyì sí i. Lexus àti Mercedes GLK ṣì ń wu àwọn ọ̀dọ́. Lójú ọ̀nà jíjìn, Toyota Sienna, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fún ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀, ló ń kó èrò láti Adó lọ sí Èkó àti Abùjá, ó sì ti gba iṣẹ́ tí 504 wagon ń ṣe tẹ́lẹ̀.