Bí ẹ ṣe lè tọ ipasẹ̀ ìbátan yín tó ṣí lọ sí Ghana nínú àkọsílẹ̀ ìlú Accra

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Olóòtú Ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ìlú náà wá a gbà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran di ìwọ̀nba ẹrù tí agbára wọn ká, wọ́n sì kọrí sílé. Àwọn kan fi aya tàbí ọmọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn fi ilé, ìsọ̀ àti ibojì òbí wọn sílẹ̀.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn tó lè fi ẹnu ara wọn ròyìn ọ̀rọ̀ náà sì ń dínkù. Ní Ogbomoso àti Ọ̀fà, àwọn ọmọ-ọmọ ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá àgbà tó lọ sí Kumasi tí kò padà. Ní Accra, ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ Yorùbá láì mọ ìlú tí orúkọ náà ti wá. Ìwé tó lè dáhùn irú ìbéèrè báyìí wà ní Accra. Ohun tó sábà máa ń dí olùwádìí lọ́wọ́ ni pé orúkọ tí ẹbí fi mọ ẹni náà kọ́ ni akọ̀wé fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ló gbé wọn lọ?

Òwò obì wà lára ohun tó kọ́kọ́ là ọ̀nà náà. Kí ìjọba òyìnbó tó fìdí múlẹ̀ ni àwọn oníṣòwò láti Ìlọrin ti ń bá àwọn Hausa rìn dé Salaga, ọjà obì ńlá tó wà ní àríwá Ghana òde òní. Lẹ́yìn náà ni ogun kó àwọn mìíràn lọ. Ní ọdún 1873, John Glover, ẹni tó ti ṣàkóso Èkó rí, kó àwọn ọmọ ogun láti Èkó lọ sí Gold Coast láti bá àwọn Asante jà. “Hausa” ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wà láàrin wọn.

Nígbà tí reluwé dé Kumasi ní ọdún 1903, tí owó kòkó sì ń wọlé, àwọn ará Ogbomoso, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ń rọ́ lọ sí àwọn ọjà káàkiri ilẹ̀ náà. J. S. Eades, tó ṣèwádìí láàrin àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Ghana, fi hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1993 pé ìbátan ló ń fa ìbátan. Ẹnìkan á kọ́kọ́ lọ, á pe àbúrò, àbúrò á pe ọmọ ẹ̀gbọ́n. Èyí wúlò fún olùwádìí: bí ẹ bá rí ará ìlú kan ní ọjà kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn yòókù wà nítòsí rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ lọ sí Accra, ó yẹ kí ó kó nǹkan wọ̀nyí jọ nílé:

• Gbogbo orúkọ tí ẹni náà jẹ́: àbísọ, oríkì bíi Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, orúkọ ìsàmì tàbí ti Mùsùlùmí, àti ìnagijẹ tí ọjà sọ ọ́.

• Ìlú, agboolé àti oríkì orílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó dàgbà sí Accra tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń kì í ní “Ìyèrú Ọ̀kín” ti gba atọ́ka sí Ọ̀fà láì rí ìwé kankan. Ilà ojú àti èèwọ̀ ìdílé tún lè ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

• Iṣẹ́ rẹ̀ àti ọjà tó ti ṣe é. Alásọ, olóbì, ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ reluwé kì í wà nínú ìwé kan náà.

• Àsìkò. Bí àgbà kò bá rántí ọdún, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ bi í: ṣé ṣáájú òmìnira Ghana ní ọdún 1957 ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ta ló bí lọ́dún náà?

• Lẹ́tà, ìwé owó orí àti fọ́tò. Ẹ yí ẹ̀yìn fọ́tò wò, nítorí àwọn ayàwòrán máa ń tẹ orúkọ ìlú wọn síbẹ̀.

Orúkọ wo ni akọ̀wé kọ?

Nínú ìwé ìjọba amúnisìn, “Lagosian” ni wọ́n sábà máa ń pe ọmọ Yorùbá, bí ẹni náà kò tilẹ̀ fojú kan Èkó rí. “Alata” ni àwọn ará Accra àti Akan ń pè é. Ní ibòmíràn, “Anago” ni. Ẹni tó bá ń gbé Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, lè bọ́ sí abẹ́ “Hausa”.

Ìṣọ́ra kan wà níhìn-ín. Àdúgbò kan ní James Town, ní Accra, ń jẹ́ Ngleshie Alata. Ìtàn rẹ̀ kan àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti Allada, ní Benin òde òní, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Kì í ṣe gbogbo Alata ni Yorùbá.

Orúkọ ẹni gan-an máa ń yí padà. Ibrahim di Braimah tàbí Brimah, Saidu di Seidu. Ọ̀pọ̀ fi orúkọ ìlú wọn ṣe orúkọ ìdílé, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ghana sì lè máa jẹ́ Kofi tàbí Ama láàrin àdúgbò. Akọ̀wé kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀: Ṣakí di Shaki, Ọ̀fà di Offa, Ìgbẹ́tì di Igbetti. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ náà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Ibi tí ìwé wà

Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Ghana, tí wọ́n ń pè ní PRAAD, ni ibùdó àkọ́kọ́. Òfin 535 ti ọdún 1997 ló fún un ní ìrísí tó ní lónìí. Olú ilé rẹ̀ wà ní Accra, ẹ̀ka sì wà ní àwọn ìlú bíi Kumasi, Tamale, Cape Coast àti Sekondi. Ìwé ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn wà lábẹ́ àmì CSO, ti ìjọba gbogboogbò lábẹ́ ADM, ti ilé ẹjọ́ lábẹ́ SCT. Ẹni tí ìbátan rẹ̀ gbé Tamale yóò wá àmì NRG. Ti Kumasi yóò wá ARG.

Láti ọdún 1874 di 1886, abẹ́ ìjọba Gold Coast ni Èkó wà. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ Èkó ti àsìkò náà lè rí i ní Accra, bí kò bá rí i ní ilé ìpamọ́ ìwé tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìwé ìbí àti ikú kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Kí òfin ọdún 1965 tó mú ìforúkọsílẹ̀ kárí Ghana, àwọn ìlú kan nìkan ló kàn. Ẹni tí wọ́n bí sí abúlé kòkó lè má sí níbẹ̀ rárá. Ìròyìn ìkànìyàn àtijọ́ náà, iye ènìyàn ló máa ń sọ, kì í dárúkọ wọn. Èyí tó yàtọ̀ ni fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ọdún 1984, tí àjọ FamilySearch gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orúkọ àwọn ará ilé. Ẹni tó bá fura pé ìbátan òun kò kúrò ní 1969 lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láì kúrò nílé.

Ìjà àti gbèsè a máa bí ìwé

Ẹni tó jẹun jẹ́jẹ́, tó sùn jẹ́jẹ́, kì í pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó du ilẹ̀, tó pín ogún tàbí tó du oyè ni akọ̀wé máa ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni Olóyè Braimah, oníṣòwò ọmọ Yorùbá láti Ìlọrin tó di olórí àwọn Mùsùlùmí ní Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àríyànjiyàn òun àti Malam Bako, tó dá Sabon Zongo sílẹ̀, lórí ipò olórí ló jẹ́ kí ìjọba kọ púpọ̀ sílẹ̀ nípa àwọn àlejò ìlú náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú fo ìwé ẹjọ́. Ẹni tí a kò rí nínú ìwé ìbí lè yọjú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ ẹrù aṣọ. Bí ó bá kọ́lé, ẹ wo ìwé ilẹ̀. Accra New Town òde òní, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn ará Nàìjíríà tó gbé ibẹ̀. Orúkọ àdúgbò àtijọ́ yìí ni ìwé àtijọ́ yóò gbé.

Bí ìwé kò bá sí ńkọ́?

Àwọn ará Ireland ti dojú kọ irú ìṣòro yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé, iná jó ilé ìpamọ́ ìwé ní Dublin, ọ̀pọ̀ ìwé ìkànìyàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ṣègbé. Àwọn ọmọ àwọn tó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà yí padà sí ìwé ìdíyelé ilẹ̀ tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1847 sí 1864, àti sí ìwé ìsàmì ìjọ.

Ọ̀nà kan náà ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Ogbomoso wà lára àwọn tó gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi káàkiri Ghana, àṣẹ ọdún 1969 sì sọ ọ̀pọ̀ ìjọ bẹ́ẹ̀ di ahoro. Ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó wọn lè wà lọ́wọ́ ìjọ tó kù tàbí lọ́wọ́ ẹbí àwọn alàgbà. Ẹ béèrè ìwé ìdáwó ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ẹ wo òkúta ibojì ní Osu àti Awudome. Fún ìṣẹ̀lẹ̀ 1969 fúnra rẹ̀, ẹ yẹ ìwé ìròyìn Daily Graphic ti Ghana àti Daily Times ti Nàìjíríà wò, láti oṣù Kọkànlá ọdún náà lọ.

Bí orúkọ ìdílé bá jẹ́ ti Brazil

Bí ìdílé ní Accra bá ń jẹ́ Nelson, Vialla, Ribeiro tàbí Peregrino, ipasẹ̀ náà lè gba òkun kọjá. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê, ìyẹn àwọn ìmàle, ní Bahia ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira padà sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó gúnlẹ̀ sí Accra ni wọ́n ń pè ní Tabom, láti inú ìkíni èdè Portuguese tó wà lẹ́nu wọn. Brazil House ní James Town ṣì ń ṣe ìrántí wọn. Yorùbá wà láàrin wọn, àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn Yorùbá tó tẹ̀lé wọn wá sì hàn nínú orúkọ Peregrino-Brimah, tí a mọ̀ mọ́ oyè Ọba àwọn Yorùbá ní Accra.

Kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn

Orúkọ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ó kéré tán, kí nǹkan mẹ́ta bára mu: orúkọ, ìlú àti àsìkò, tàbí iṣẹ́. Ẹ tún rántí pé ilé tí baba yín fi sílẹ̀ lè ti di ilé ẹlòmíràn, àti pé ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọmọdé lè má fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ náà dá. Ẹ jẹ́ kí àgbà tàbí olórí àwọn Yorùbá ní àdúgbò náà ṣáájú yín lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ogún, agbẹjọ́rò ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Lábẹ́ àdéhùn àjọ ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lè lo 90 ọjọ́ ní Ghana láì gba físà. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra, ẹ lọ jókòó ti àgbà tó kù nílé, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fáìlì Accra lè dúró dè yín di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ ti lọ lórí àgbà náà.